Òrùka Ọ̀fẹ́ Kọ́: Sáà Jordan Farmar, 2008 sí 2009

Nígbà tí olóòtú ní kí n mú nǹkan wá lórí ìtàn, ó dá mi lójú pé ogun Kírìjì tàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọba ló ń retí. Kó má bínú sí mi. Ìtàn tí mo gbé wá kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sì ṣẹlẹ̀ nílé wa. Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ìtàn ọmọkùnrin ẹni ọdún méjìlélógún kan ni, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife lọ́dún tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò gbé bọ́ọ̀lù wọlé mọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á. Mo ní mẹ́dàlì kan tí mi ò fi kọ́ ọrùn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi. Sáà tó kọjá ni fákọ́tì wa gba ife básíkẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn fákọ́tì. Èmi ni adípò ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù gòkè. Ọrùn ẹsẹ̀ mi yẹ̀ láàárín sáà lórí pápá oníṣìmẹ́ǹtì wa yẹn. Nígbà tí mo fi padà dé, bí mo bá ju bọ́ọ̀lù, etí irin ló ń bà. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ìṣẹ́jú méjì péré ni mo lò nínú pápá. A gba ife, a jó, a ya fọ́tò. Ìpẹ̀kun lápá òsì ni mo wà nínú fọ́tò ọ̀hún, bí ẹni tó ń kọjá lọ tí wọ́n ní kó wá dúró.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá fẹ́ràn ẹgbẹ́ Lakers bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni ín. Lọ́jọ́ kan ó rí mẹ́dàlì náà lábẹ́ aṣọ mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, mẹ́dàlì ọ̀fẹ́ rèé o! Ìwọ gan-an ni Jordan Farmar tiwa."

Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó là mí lóye. Ó ní ọmọ kan ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Lakers ní 2009, tí Kobe Bryant àti Pau Gasol bá a gba òrùka. Ó sọ ọ́ bí adájọ́ tó ti ka ìdájọ́ tán, tó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo wá kọ́ ní yunifásítì yìí, Yorùbá sì ní àgbà òṣìkà ni agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Mo wá àkọsílẹ̀ ọdún náà jáde, mo wo àwọn ìdíje àtijọ́ lórí fóònù títí tí dátà mi fi tán, mo sì kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Òun ni ẹ ń kà yìí.

Los Angeles náà ni wọ́n bí Farmar sí, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1986. Ìlú yẹn náà ló ti lọ sí yunifásítì UCLA, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn fún ọdún méjì. Ní 2006, UCLA dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, Florida ló nà wọ́n. Lọ́dún yẹn kan náà ni Lakers mú un. Fún ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ NBA máa ń tò, tí wọ́n á máa mú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni 26 ni wọ́n pe Farmar. Orúkọ èèyàn 25 ni wọ́n ti kà kí wọ́n tó kan tirẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí kò sẹ́ni tó gbé adé lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ṣe ohun kan lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ̀. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta 2007, ó gbá ìdíje kan fún D-Fenders, ẹgbẹ́ kékeré tí Lakers fi ń tọ́ àwọn ọmọ dàgbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, ó ti bọ́ aṣọ yẹn, ó ti wọ ti Lakers, ó sì gbá ìdíje NBA. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbá ìdíje nínú líìgì méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò fẹ́ iṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni iṣẹ́ náà? Point guard ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí àwọn alátakò bá ti jù tiwọn tán, òun ló ń gbé e gòkè, òun ló ń wo ibi tí àǹfààní wà tó sì ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síbẹ̀. Àwa tí a jẹ́ adípò ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àyálò. Ọ̀gá rẹ̀ẹ̀, ó ní kí o wọlé. Wàá fi ara tó ti tutù lórí bẹ́ǹṣì sá wọ àárín àwọn tí ara wọn ti gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n fún ẹ. Bí o bá ju bọ́ọ̀lù méjì tí kò wọlé, wàá máa wo ẹ̀gbẹ́ pápá bóyá kóòṣì ti ń pe ẹlòmíràn. Mo mọ̀ ọ́n, ó ti ṣe mí.

Derek Fisher ni ọ̀gá tí Farmar ń dípò. Ọdún kejì Farmar, ìyẹn sáà 2007 sí 2008, dára gan-an. Ó gbá gbogbo ìdíje 82 tí ẹgbẹ́ gbá. Ní ìpíndọ́gba, ó ń lo bí ìṣẹ́jú 20 ààbọ̀ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ pọ́ìntì 9.1, ó sì ń ṣe ìrànwọ́ 2.7, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fún ẹlòmíràn tí onítọ̀hún jù wọlé. Nínú 100 bọ́ọ̀lù tó bá jù, 46.1 ló ń wọlé. Láti ọ̀nà jíjìn tó ń mú pọ́ìntì mẹ́ta wá, 37.1 nínú 100 ni. Fún adípò ẹni ọdún mọ́kànlélógún, nǹkan ayọ̀ ni. Lakers dé àṣekágbá, àmọ́ Boston fi ojú wọn gbolẹ̀. Ìdíje kẹfà, lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹfà 2008, parí sí 131 sí 92. Ẹ yọ ọ́ wò, ìyàtọ̀ 39 ni. Wọ́n padà sílé, wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀ làwọn ń gbẹ̀san.

Ọdún tó ń bọ̀ ọ̀hún ni ẹjọ́ wa dá lé. Fisher ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà tí sáà náà bẹ̀rẹ̀. Nínú básíkẹ́ẹ̀tì, àgbà ti ń dé nìyẹn. Bí ọmọ bá sì ti ń gòkè bí àgbà bá ti ń sọ̀kalẹ̀, ojú gbogbo èèyàn a máa wà lára ọmọ. Wọ́n ń retí pé kí Farmar bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò náà díẹ̀díẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2008 sí 2009, ìdíje 65 ló gbá. Pọ́ìntì rẹ̀ jábọ́ láti 9.1 sí 6.4. Ìrànwọ́ rẹ̀ lọ sí 2.4. Bọ́ọ̀lù tó ń wọlé jábọ́ láti 46.1 sí 39.1 nínú 100, ti ọ̀nà jíjìn sì lọ sí 33.6. Ọ̀rẹ́ mi na ìwé náà sí mi lójú, ó ní, "Ṣé o rí i? Kí lo tún fẹ́ gbọ́?"

Mo ní kó ní sùúrù. Iye jẹ́ ẹlẹ́rìí, kì í purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a bá bi í nìkan ló ń dáhùn. A bi í pé mélòó, ó sọ mélòó. A ò tíì bi í pé kí ló dé.

Mo kọ́kọ́ wo bóyá àkókò tí wọ́n fún un ló dín kù. Lóòótọ́ ó dín kù, láti bí ìṣẹ́jú 20 ààbọ̀ sí bí 18. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìṣẹ́jú rẹ̀ kò dín tó ìdá mẹ́jọ, pọ́ìntì rẹ̀ sì dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Àkókò nìkan kò lè gbé ẹrù yẹn. Bí mo bá gba ọ̀rẹ́ mi láàyè, ibí yìí ni ì bá ti kan mí lábùkù pé mo ń gbèjà ara mi. Nítorí náà, mo fi àwáwí yẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kan ọ̀rọ̀ orúnkún. Ní oṣù Kejìlá 2008, Farmar fi orúnkún òsì ṣèṣe. Ohun kan wà láàárín eegun méjì tó pàdé níbẹ̀, ó rọ̀ díẹ̀, ó le díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí eegun má ha eegun. Ìyẹn ló ya. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìdíje 17 sì kọjá lójú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2009, ó ti padà sí pápá. Ẹ wo bó ṣe yá tó! Agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́ pé eré sísá ni ọjà tó ń tà, orúnkún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jóná, tí wọ́n sì ṣí i padà kí àwọ̀ ògiri tó gbẹ, oníbàárà kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjà ló ń béèrè.

Ṣùgbọ́n orúnkún náà kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká to ọjọ́ sí ara wọn bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Farmar padà dé ní oṣù Kìíní. Lọ́jọ́ 31 oṣù yẹn gan-an, Andrew Bynum, ọ̀kan nínú àwọn gíga tó ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje fún wọn, fi orúnkún tirẹ̀ ṣèṣe ní Memphis. Lamar Odom, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́dún náà, ló kó lọ sí ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kejì, Lakers fi Vladimir Radmanovic ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Charlotte, wọ́n gba Adam Morrison àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shannon Brown. Gáàdì ni Brown náà. Ó lágbára, ó ń fò bí ẹyẹ, ó sì lè dí alátakò lọ́nà. Nígbà tí ìpele ìyọkúrò fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Utah ní oṣù Kẹrin, Brown ni kóòṣì ń nawọ́ sí bí Fisher bá fẹ́ sinmi.

Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe tò léra? Ọmọ náà ti ibi iṣẹ́ abẹ dé, ẹni tó ń bá a gbé ẹrù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó máa gba àga rẹ̀ sì wọlé láti ẹnu ọ̀nà kejì. Kò pé oṣù méjì tí gbogbo rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo èyí lọ. Òun nìkan kọ́ ló jábọ́. Sasha Vujacic, gáàdì mìíràn tó máa ń ti orí bẹ́ǹṣì wọlé, jẹ pọ́ìntì 8.8 ní ìpíndọ́gba ní sáà 2007 sí 2008. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, 5.8 ni. Kò sì sí ẹni tó fi abẹ kan orúnkún Vujacic. Ronny Turiaf, ẹni gíga tó máa ń wọlé pẹ̀lú wọn, tó máa ń bá wọn dí ọ̀nà, ti kó lọ sí Golden State nínú ooru 2008. Bí ọmọ kan bá fìdí rẹmi nínú kíláàsì, a lè ní kò kàwé. Bí àwọn méjì tó jókòó lórí àga kan náà bá jọ fìdí rẹmi, ó yẹ ká wo àga náà.

Ọ̀rẹ́ mi kò gbà. Ó ní, "Ètò tí Phil Jackson ń lò ni kò bá a mu. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Jackson, kóòṣì Lakers, ń lo ètò onígun mẹ́ta tí àgbà kóòṣì Tex Winter kọ́ ọ. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta á dúró bí igun mẹ́ta ní apá kan pápá, méjì á wà ní apá kejì, bọ́ọ̀lù á sì máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nínú ètò yìí, point guard kì í di bọ́ọ̀lù mú bí ọ̀gá ilé. Á gbé e gòkè, á fi sílẹ̀, á lọ dúró sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn alátakò bá ti sáré lọ bo Kobe, bọ́ọ̀lù á padà wá bá a níbi tó dúró sí, iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni kó jù ú wọlé. Fisher mọ èyí bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Farmar ní tiẹ̀, eré ló mọ̀. Kí ẹni gíga bá a dí ọ̀nà lókè, kó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já wọ abẹ́ agbọ̀n, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ètò onígun mẹ́ta yìí náà ni wọ́n lò ní 2007 sí 2008, tí Farmar jẹ pọ́ìntì 9.1. Ohun tí kò yí padà kò lè jẹ́ ìdí ohun tó yí padà. Ohun tí ètò náà ṣe ni pé kò fún ọmọ náà ní ibi tó máa sá sí. Nínú ẹgbẹ́ mìíràn, bí ọwọ́ point guard bá kọ̀ láti jù, á ṣì máa pín bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì rí ìwúlò rẹ̀. Ní Lakers, bí o bá dúró sí kọ̀rọ̀ tí o jù tí kò wọlé, kí lo tún kù tí o fẹ́ fi hàn wọ́n?

Ibí yìí ni mo ti fún ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ, kò sẹ́ni tó dí ẹ lọ́nà, o jù ú, kò wọlé. Ta lo fẹ́ dá lẹ́bi? Kì í ṣe Bynum, kì í ṣe Brown, kì í ṣe Tex Winter. Nínú ìwọ̀n méje tó dín nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, orúnkún ní ìpín tirẹ̀, bẹ́ǹṣì tó tú ká ní ìpín tirẹ̀, Farmar fúnra rẹ̀ sì ní ìpín tó jẹ́ tirẹ̀. Sáà náà kò dára. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Òrùka ńkọ́? Ṣé ọ̀fẹ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Houston. Ìlú yẹn kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ibẹ̀ ni Hakeem Olajuwon, ọmọ wa láti Èkó, ti gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Ní oṣù Karùn-ún 2009, Lakers ń bá Houston figagbága ní ìpele kejì. Houston gba ìdíje kìíní ní Los Angeles. Lakers gba ìkejì, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni Fisher ti fi ara gbá Luis Scola lọ́nà àìtọ́, NBA sì ní kó jókòó fún ìdíje kan. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n wà. Ìdíje kẹta, nílé Houston, kò sí Fisher. Wọ́n sì ní alátakò kan tó ń jẹ́ Aaron Brooks, kékeré, tó yára bí ìjì, tó sì ti ń fi ojú ẹsẹ̀ àgbà Fisher rí màbo.

Ta ni kóòṣì pè? Kì í ṣe Brown. Farmar ló pè, ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé sórí bẹ́ǹṣì nínú ìfigagbága pẹ̀lú Utah. Lọ́jọ́ 8 oṣù Karùn-ún 2009, ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Pọ́ìntì 12, ìrànwọ́ 7. Lakers borí pẹ̀lú 108 sí 94.

Mo wo ìdíje yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kobe jẹ pọ́ìntì 33, òun ni gbogbo èèyàn rántí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù gòkè. Kò dà bí ẹni tí wọ́n ti pa tì. Ó ń sáré bí ẹni tó ti ń múra sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ fún ìpè tí kò dá a lójú pé yóò dé. Ìfigagbága yẹn le débi pé ìdíje méje ni wọ́n gbá kí Lakers tó yege. Nínú ìdíje kẹrin, Brooks jẹ pọ́ìntì 34 lé wọn lórí, Houston sì borí. Ẹ bá mi yọ ìṣẹ́gun alẹ́ ọjọ́ 8 yẹn kúrò nínú ìṣirò, kí ẹ wá sọ ohun tó kù fún mi. Ìdíje mẹ́ta péré ni Houston pàdánù lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́ta náà ni wọ́n borí. Ẹni méjì ló dúró lórí òṣùwọ̀n, wọ́n sì dọ́gba gẹ́lẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Àmọ́ ìdíje kan kì í ṣe sáà." Mo ní òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni sáà kì í ṣe èèyàn.

Lakers na Denver lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì na Orlando ní àṣekágbá, mẹ́rin sí ọ̀kan. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2009 ni wọ́n gba ife, ìkẹẹ̀ẹ́dógún fún ẹgbẹ́ náà, ìkẹwàá fún Jackson gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Nínú ìdíje kẹrin àṣekágbá yẹn, Fisher ti ju bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn márùn-ún tí ọ̀kan kò wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí wọ́n pàdánù, ó ju ìkẹfà, ó wọlé, wọ́n dọ́gba. Ní àfikún àkókò, ó tún ju òmíràn tó wọlé, Lakers sì borí. Gbogbo ayé yìn ín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín léèrè: bó bá jẹ́ Farmar ló ju márùn-ún tí kò wọlé, ṣé wọn á jẹ́ kó ju ìkẹfà? Ká tó rí ìkẹfà jù, a ó ti san án sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fisher ti san án. Ọmọ náà kò tíì san án, mi ò sì ní sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Mo kàn fẹ́ ká mọ̀ pé nígbà tí a bá ń fi iye àgbà wé iye ọmọdé, ohun tí wọ́n fún àwọn méjèèjì láti fi gbìyànjú kò dọ́gba.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà? Kò di ìràwọ̀. Bí mo bá parí rẹ̀ báyìí pé ó padà wá di ọba, irọ́ ni mo pa. Ní sáà 2009 sí 2010, ó tún gbá gbogbo ìdíje 82. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà sí 43.5 nínú 100, ti ọ̀nà jíjìn sì di 37.6, ó ga díẹ̀ ju ti ọdún tó dára yẹn lọ. Wọ́n gbẹ̀san lára Boston lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹfà 2010, ọdún méjì géérégé lẹ́yìn àbùkù 39 yẹn. Ó gba òrùka kejì. Fisher ló ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Farmar kó lọ sí Nets lọ́dún yẹn, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kó di bọ́ọ̀lù mú, ìrànwọ́ rẹ̀ sì di 5 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po méjì àti díẹ̀ lórí ti ọdún burúkú yẹn. Nígbà tí àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù NBA ń jà lórí owó ní 2011, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Maccabi Tel Aviv ní Ísírẹ́lì. Ó dé Istanbul. Ní 2013 ó padà sí Lakers, ó sì jẹ pọ́ìntì 10.1 pẹ̀lú ìrànwọ́ 4.9 ní sáà náà. Èyí tó ń sáré tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń sáré.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ọdún burúkú lè jẹ́ òótọ́, kó má sì jẹ́ gbogbo òótọ́. Ẹni tó ń dípò, ìpíndọ́gba nìkan kọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wo alẹ́ tí ọ̀gá kò sí nílé, tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀. Ṣé ó wà níbẹ̀? Ṣé ó ti múra? Farmar wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù Karùn-ún. Òrùka rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó lè má san gbogbo owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó san tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi ńkọ́? Mi ò ní irú alẹ́ Houston kankan láti tọ́ka sí. Nínú ìṣẹ́jú méjì tí mo lò lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn, mi ò ju bọ́ọ̀lù kan. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi, ìyẹn nìkan ni mo lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀gá mi fi ń ṣe ìgbaradì nígbà tí ẹsẹ̀ mi sàn, èmi ló ń dúró níwájú rẹ̀, tí mò ń dí i lọ́nà, tí ó ń bú mi, tí mi ò sì kúrò. Bóyá ìyẹn kún ife náà, bóyá kò kún un. Mo ti yọ mẹ́dàlì náà kúrò lábẹ́ aṣọ. Mi ò fi kọ́ ọrùn o. Ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo fi kọ́, lókè ibi tí bàtà básíkẹ́ẹ̀tì mi wà.

Lánàá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri fákọ́tì pé ìgbaradì sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó dé yàrá, ó wo mẹ́dàlì, ó wo bàtà, ó ní, "Farmar, ṣé wàá lọ?"

Mo ní kó wá bá mi gbé omi dání.